Ọjọ́ Mẹ́rin Lábẹ́ Àsíá Yẹ́lò

Ọjọ́ kejìlá, oṣù kejì

Akọ̀wé ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ rẹ, mo kí òtútù tí o sọ pé ó ń bá ọ fínra. Ṣé ara le? Ara tèmi le, àfi etí tó ti di pátápátá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kápíńtà àdúgbò kan ilẹ̀kùn mi títí, nígbà tí kò gbọ́ ohùn mi, ó gba ojú fèrèsé wọlé, ó rò pé mo ti kú. Ó bá mi níbi tí mo ti ń jẹun. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè bá ọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù mọ́, kí o má rò pé mo ń bá ọ yan odì.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí o ti kúrò nílé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti tọrọ físà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dá ìwé mi padà. Wọ́n ní àwọn ò rí ohun tó máa mú mi padà sílé. Ilé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ ni wọn ò rí!

Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ò sùn. Ọ̀rẹ́ mi Atukọ̀, ẹni tó máa ń gbé ọ lé èjìká ní kékeré, fẹ́ fi ọkọ̀ rẹ̀ kó pákó lọ sí apá ọ̀dọ̀ yín, yóò sì yà ní èbúté tí o ti ń ṣiṣẹ́ láti gba omi àti epo. Alásè rẹ̀ ti fi í sílẹ̀ lọ fẹ́yàwó. Mo ní kó mú mi. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní ṣé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ló fẹ́ máa gbé ìkòkò lójú omi? Mo ní ta ló se oúnjẹ fún ọmọ ọdún mẹ́rin láti ọjọ́ tí àbúrò mi ti kú tẹ̀lé ìyàwó rẹ̀? Ó gbà láti mú mi, nítorí ó mọ̀. Òun náà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo gbé ọ kúrò ní yàrá bàbá tó bí ọ, tí mo gbé ọ wá sílé mi.

Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ò nílò físà. Wọ́n á fún un ní ìwé ìsọ̀kalẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ ibodè omi, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ọjọ́ mẹ́ta náà ti tó mi. N óò jókòó sí yàrá rẹ, n óò máa wò ọ́, n óò padà. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Kọ̀wé sí mi kíá, kí o sọ ohun tí ibẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ ọkọ̀ tó bá ń wọlé. Fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́, ojú náà ti fẹ́ máa tẹ̀lé etí.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta

Ẹ̀yin Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Inú ọkọ̀ èrò ni mo ti ka lẹ́tà yín. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ kápíńtà, ẹ̀rín pa mí, obìnrin tó jókòó tì mí dìde lọ sí ìjókòó míì. Níbí, ẹni tó bá ń dá rẹ́rìn-ín, wọ́n á rò pé orí rẹ̀ ti dàrú.

Bàbá, ọ̀rọ̀ yín dùn mọ́ mi, ó sì dẹ́rù bà mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Tó bá ku ọjọ́ mẹ́rin kí ọkọ̀ dé ni Atukọ̀ gbọ́dọ̀ ti ránṣẹ́ síwájú: orúkọ ọkọ̀, ibi tó ti ń bọ̀, àti orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà wọn gẹ́lẹ́. Tí ẹ bá ti rí èbúté, ẹ fa àsíá yẹ́lò sókè. Títí àsíá yẹn á fi sọ̀ kalẹ̀, ẹnì kankan ò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ẹnì kankan ò sì gbọdọ̀ wọlé bá yín, àfi àwọn tí ìjọba bá rán. Wolé-wolé ló ń kọ́kọ́ wá, láti mọ̀ bóyá ẹnì kan ń ṣàìsàn. Aṣọ́bodè ló tẹ̀lé e. Ẹ sọ gbogbo oògùn àti ọtí tó bá wà lọ́kọ̀ kí wọ́n tó fúnra wọn rí i. Ẹran tútù, èso, irúgbìn, ohun ọ̀sìn, kò sáàyè fún wọn. Àwọn ìwọlé-wọ̀de ló ń kẹ́yìn. Àwọn ló ń fúnni ní ìwé ọlọ́jọ́ mẹ́ta, àwọn náà ló sì le jù.

Iṣẹ́ tèmi ò ju pé mò ń tẹ orúkọ àwọn tó dé sínú kọ̀ǹpútà. Tábìlì mi wà lẹ́bàá fèrèsé, mò ń rí omi. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń tẹ orúkọ, mi ò tíì tẹ orúkọ ẹni tí mo mọ̀ rí. Mo máa ń rí àwọn tó ń dúró de èèyàn wọn létí omi, tí wọ́n ń dì mọ́ra wọn, mo sì máa ń wo aago bí ẹni tó ń kánjú. Àga méjì ló wà ní yàrá mi. Mi ò mọ ìdí tí mo fi ra èkejì.

Òfin ọ́fíìsì wa ni pé ẹni tó bá ní ẹbí nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, kó má sì fọwọ́ kan ìwé ọkọ̀ náà. Mo ti kọ ọ́. Mo ní: bàbá mi ń bọ̀. Ọ̀gá mi bi mí pé kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Ẹ má gbé nǹkan kan wá fún mi. Ẹ dákun, ẹ má sì bá wọn jiyàn.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Akọ̀wé ọmọ mi,

O kú òfin o! Èmi tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di okùn bàtà lo wá ń kọ́ ní àsíá yẹ́lò? Mo fún Atukọ̀ ní lẹ́tà rẹ kà. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá àwọn gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kí àwọn tó sín.

Ohun kan ni ò dùn mọ́ mi nínú. O ti lọ kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ lọ́fíìsì. Mo mọ irú èyí. Ẹni tó bá ní ẹbí nínú ọkọ̀, ojú tí wọ́n á fi máa wò ó yàtọ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá sọnù, òun ni. N óò rí i pé mi ò fi àlàfo kankan sílẹ̀ tí wọ́n á ti rí ẹ̀sùn kà sí ọ lẹ́sẹ̀. Ohun tí wọ́n bá bi mí, bó ṣe rí gan-an ni n óò kọ ọ́, láìfi kún un, láìyọ kúrò. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. O mọ̀ mí.

O tún ní kí n má gbé nǹkan kan wá. Ìyẹn dùn mí. Bàbá wo ló ń lọ kí ọmọ lọ́wọ́ òfìfo? Ó dáa, mo ti tú àpò, mo ti yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, ó ku aṣọ òtútù kan tí mo fọwọ́ ara mi hun. Bẹ́ẹ̀ ni, mò ń hun aṣọ báyìí. Bí etí ò bá gbọ́ nǹkan mọ́, kí ọwọ́ rí nǹkan ṣe. Apá kan gùn ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n ó móoru.

Ọjọ́ Ajé ni a ó gbéra. Bí afẹ́fẹ́ bá gbà fún wa, kí oṣù yìí tó parí, a ti dé.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹta, oṣù karùn-ún
(Lọ́wọ́ ejẹ́ńtì ọkọ̀, kó fún wọn tí wọ́n bá dé)

Ẹ̀yin Bàbá mi,

Oṣù tí ẹ dá ti parí láti ọjọ́ mẹ́ta. Ní àràárọ̀, kí n tó bọ́ ẹ̀wù òtútù mi, ìwé àwọn ọkọ̀ tó ti ránṣẹ́ síwájú ni mo ń kọ́kọ́ wò. Tiyín ò sí níbẹ̀. Àwọn apẹja tó dé lánàá ní ìgbì ń jà níta. Ọ̀gá mi ní ọkọ̀ tó bá kó pákó kì í yá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, mo sunkún, mo bọ́jú, mo padà wá tẹ orúkọ.

Mo ti tọrọ ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ní ọjọ́ wo? Mo ní mi ò tíì mọ̀.

Mo mọ̀ pé kò bọ́gbọ́n mu kí èèyàn máa kọ lẹ́tà sí ẹni tí kò mọ ibi tó wà. Ṣùgbọ́n mi ò rí ẹlòmíì tí mo lè sọ ọ́ fún. Kò sẹ́ni tó mọ̀ níbí pé mo ní èèyàn lójú omi, àfi ọ̀gá mi àti fọ́ọ̀mù. Bí ẹ bá ń ka èyí, a jẹ́ pé ẹ ti dé. Ẹ dákun, ẹ tètè wá kà á.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù karùn-ún
(Nínú ọkọ̀)

Akọ̀wé ọmọ mi,

Nu ojú rẹ nù. Mo ti kà á. Ìgbì jà lóòótọ́, ó gbé ìkòkò mi méjì lọ, ṣùgbọ́n kò gbé mi lọ. O ti máa rí orúkọ ọkọ̀ wa lọ́jọ́ kẹrin oṣù yìí tí Atukọ̀ ránṣẹ́. Ní àárọ̀ òní ni a dákọ̀ró. Onírùngbọ̀n tó ń wa ọkọ̀ kékeré ejẹ́ńtì ló gbé lẹ́tà rẹ fún mi, òun náà ni n óò fi èyí rán.

Mò ń wo òrùlé ọ́fíìsì yín láti ibi tí mo jókòó sí. Fèrèsé mẹ́fà ló kọjú sí omi. Mi ò mọ èwo ni tìẹ, mo ti kí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí o ṣe sọ ọ́ ni wọ́n ṣe é. Wolé-wolé wá, ó wo ojú wa, ó wo ahọ́n wa, ó ní ilé ìdáná mi mọ́. Aṣọ́bodè tẹ̀lé e, ó kó gbogbo àlùbọ́sà mi dànù, mi ò bá a jiyàn. Ó na aṣọ òtútù rẹ sókè, ó wo apá tó gùn, ó wo èyí tó kúrú, ó ṣe bí ẹni pé ikọ́ ń ṣe òun. Mo tilẹ̀ rán an létí pé kò tíì yẹ abẹ́ ìjókòó wò.

Obìnrin kan láti ìwọlé-wọ̀de ló kẹ́yìn, ó pín fọ́ọ̀mù fún wa. Ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti béèrè pé ǹjẹ́ o ní ẹbí ní orílẹ̀-èdè yìí, báwo ni ẹ sì ṣe tan? Mo rántí ìlérí mi. Mo kọ orúkọ rẹ, mo sì kọ ọ́ sí i pé: ọmọ àbúrò mi ni. Ó mọ́ kedere, kò sí àlàfo. Ó kó gbogbo ìwé wa lọ.

Àwọn yòókù ti wọ bàtà. Ọ̀sán ti pọ́n, a ò tíì rí ìwé kankan gbà, àsíá ṣì wà lókè. Ìjọba kì í yára, mo mọ̀ wọ́n. Lọ ra ìrẹsì sílẹ̀, èmi ni n óò sè é.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún

Bàbá,

Ẹ má bínú pé mi ò kí yín bó ṣe yẹ. Ọ̀gá àwọn ìwọlé-wọ̀de pè mí láàárọ̀ yìí. Ó tẹ́ ìwé méjì síwájú mi. Ọ̀kan ni èyí tí mo kọ lóṣù kẹta, pé bàbá mi ń bọ̀. Èkejì ni tiyín. Ó ní nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló ń parọ́? Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi gbẹ mí. Mo ní lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá tọ́ ọ láti ọmọ ọdún mẹ́rin, bàbá rẹ ni, kò sẹ́ni tó ń pè é ní nǹkan míì. Ó ní fọ́ọ̀mù ò béèrè ẹni tó tọ́ni. Ló bá lọ mú ìwé kẹta wá. Ìwé ìgbélùú mi ni, ti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàbá mi wà láàyè, mo sì kọ orúkọ yín. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ ta ni ǹ bá kọ?

Ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ìwé ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Tó bá jẹ́ èmi ni mo parọ́, wọ́n á gba ìwé ìgbélùú mi, iṣẹ́ mi á sì lọ. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ sọ̀ kalẹ̀, wọn ò sì ní jẹ́ kí n wọ ọkọ̀ wá bá yín. Títí wọ́n á fi mọ èyí tó jẹ́, kò sẹ́ni tó máa kúrò nínú ọkọ̀ yín.

Ṣùgbọ́n Bàbá, ọ̀rọ̀ ìwé kọ́ ló ń dùn mí jù. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti jẹ́ ọmọ yín. Ẹ ò pè mí ní ọmọ àbúrò yín rí, kódà lọ́jọ́ tí mo tẹ awò ojú yín fọ́. Ẹnu àjèjì ni mo ti wá gbọ́ ọ. Ó kà á sí mi létí, ó tún un kà. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń kà á nínú ara yín láti ọjọ́ yìí wá?

Ọ̀ọ́dúnrún ìṣísẹ̀ ni mo wà sí yín. Nígbà tí òkun wà láàárín wa, ẹ súnmọ́ mi ju báyìí lọ.

Èmi ni.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ gún mi. Mo kọ èsì kan, mo fà á ya. Èyí ni ìkejì. Bó bá korò, fara mọ́ ọn.

Òtítọ́ ni mo kọ. Àbúrò mi ló bí ọ. Lọ́jọ́ tí a sin ín, mo ṣèlérí níwájú àwọn àgbà ẹbí pé n óò tọ́ ọ, ṣùgbọ́n mi ò ní gbà ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ọmọ kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀ ò ní gbàgbé rẹ̀ nítorí tèmi. Ìdí nìyẹn tí àwòrán rẹ̀ fi wà lára ògiri pálọ̀, tí tèmi ò sí níbẹ̀. Èmi ò bímọ, o mọ̀. Bí mo bá kọ ọ́ sójú ìwé pé èmi ni mo bí ọ, olè ni mo fi ń ja òkú. Ṣé o rò pé ó rọrùn fún mi? Bírò dúró lọ́wọ́ mi títí obìnrin yẹn fi bi mí bóyá mi ò mọ̀wéékọ ni.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, obìnrin kan bá ọkọ̀ dé pẹ̀lú ọmọbìnrin kékeré. Ó kọ ọ́ pé òun ló bí i. Ọmọ náà ló fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé ìyá òun ti kú, ẹ̀gbọ́n ìyá òun nìyí. Obìnrin náà kúnlẹ̀ bẹ̀ mí, ó ní àwọn ò ní ẹlòmíì láyé. Mo lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé rẹ̀ pé irọ́ ni. Ọkọ̀ tó gbé wọn wá náà ló gbé wọn padà. Nígbà tí mo délé, o sáré wá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, o ní, "Bàbá, ẹ káàbọ̀!" Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Bí mo bá wá pa irọ́ kan náà lónìí nítorí kí n lè gbádùn ọjọ́ mẹ́ta, kí ni kí n sọ fún obìnrin yẹn?

Àwọn tí a jọ wà lọ́kọ̀ mọ̀ pé nítorí mi ni. Wọn ò bú mi, wọ́n kàn bọ́ bàtà wọn. Ọ̀túnla ni Atukọ̀ gbọ́dọ̀ gbéra, kí wọ́n má ba à kọ pákó rẹ̀ níbi tó ń gbé e lọ.

Ẹnì kan wà létí omi lánàá tó wọ aṣọ búlúù. Ṣé ìwọ ni?

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù karùn-ún

Ẹ̀yin Bàbá mi,

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ forí jì mí. Ẹyin lohùn lóòótọ́, bó bá ti bọ́, kò ṣeé kó mọ́.

Èmi ni mo wọ búlúù. Onírùngbọ̀n yá mi ní awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn, mo sì rí yín, ẹ ń sá aṣọ. Ẹ ti rù, Bàbá. Mo juwọ́ sí yín. Ẹ yíjú sí apá ibi tí mo wà, inú mi dùn, mo tún juwọ́. Ẹyẹ lẹ̀ ń wò.

Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn àti ọmọ rẹ̀ láti àná. Mi ò lè dá yín lẹ́bi, mi ò sì lè sọ pé kò dùn mí. Ṣùgbọ́n mo ti pinnu. Lọ́la ní aago mẹ́wàá, màá lọ bá ọ̀gá náà, màá ní ẹ̀yin lẹ sọ òtítọ́, èmi ni mo parọ́. Ẹ ó sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ yín á sì mọ́ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n gba ìwé ìgbélùú wọn. Kí ni mò ń ṣọ́ níbí? Ẹni tó ń gbé lókè yàrá mi ò mọ orúkọ mi. Lọ́dún tó kọjá, mo ṣàìsàn ọjọ́ mẹ́rin, ẹnì kan ṣoṣo tó kan ilẹ̀kùn mi ni ẹni tó wá ka mítà iná. Ó ní kí n gbé ọwọ́ kúrò níwájú mítà. Ó ti rẹ̀ mí, Bàbá. Kí wọ́n lé mi, kí n bá yín lọ sílé.

Ẹ má dá mi dúró.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù karùn-ún
Aago mẹ́jọ àárọ̀

Ọmọ mi,

Má lọ. Mo ti bẹ Onírùngbọ̀n kó sáré gbé èyí fún ọ kí aago mẹ́wàá tó lù. Jókòó sí tábìlì rẹ, kí o máa tẹ orúkọ. Mo ti ṣe é.

Nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ tán lánàá, mo ránṣẹ́ pe obìnrin ìwọlé-wọ̀de, ó sì dé ní aago méje òwúrọ̀ yìí. Mo sọ fún un pé èmi ni mo kọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní kí ló dé? Mo ní ẹ̀rù ló bà mí, mi ò fẹ́ kí wọ́n rò pé ọmọ mi fi ipò rẹ̀ ràn mí lọ́wọ́. Ìyẹn kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ó mú fọ́ọ̀mù míì jáde. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti béèrè bí a ṣe tan, mo kọ ọ́.

Mo ti bá àbúrò mi sọ ọ́. Mo rò ó pé bó bá bi mí pé ibo ni ọmọ òun wà, ṣé kí n ní mo pa ìlérí mọ́, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kí wọ́n lé ọmọ náà jáde nílé? Ọmọ ló fi lé mi lọ́wọ́, kò fi ìlérí lé mi lọ́wọ́. Ní ti obìnrin ọjọ́sí, mi ò ní àwíjàre kankan. Mo ṣẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kí n ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tí oúnjẹ ti kọ̀ fún mi.

Bí o bá fẹ́ wá sílé, fi ẹsẹ̀ ara rẹ wá, kì í ṣe kí wọ́n lé ọ wá. Ilé ò ní sá lọ. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, gun àtẹ̀gùn lọ bá ẹni tó ń gbé lókè rẹ, kí o sọ orúkọ rẹ fún un. Má dúró kó wá béèrè.

Ìjìyà ẹni tó bá kọ irọ́ sójú fọ́ọ̀mù níbí ni pé kò ní fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ wọn fún ọdún mẹ́wàá. Obìnrin náà wo ọjọ́ orí mi nínú ìwé ìrìnnà, ó sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní kó má da ara rẹ̀ láàmú, iṣẹ́ tèmi náà nìyẹn tẹ́lẹ̀. Ó lu òǹtẹ̀. Wọ́n sọ àsíá kalẹ̀, àwọn yòókù sì ti wọ bàtà lọ sígboro. Aago mẹ́rin ni a ó gbéra. Mo fẹ́ rí ọ, ọmọ mi. Mi ò mọ bí n óò ṣe kọ ọ́ tó máa yé ọ bó ṣe ń ṣe mí.

Kí ó tó lọ, mo tọrọ ẹ̀dà fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Mo na ọwọ́ sí i, ó sì fún mi. Ó wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni wọ́n kọ sókè, ìdájọ́ ni wọ́n kọ sísàlẹ̀. Ìlà tèmi wà láàárín, òǹtẹ̀ ìjọba sì bo ìdajì rẹ̀: ọmọ mi ni. Láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí mo ti gbé ọ wálé, a ò ní ìwé kan tó sọ bẹ́ẹ̀ rí.

Bàbá rẹ.